Àlejò Láti Ukraine Wà Láàárín Wa

Ẹ̀kọ́ kíkà: Ẹ́kísódù 23:9, Lefítíkù 19:33–34, Mátíù 20:1–16

  Ẹ̀yin tí ẹ ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ wá sí ìsìn láì tíì fojú kan oorun, Ọlọ́run yóò máa fún yín lágbára.

Àwọn kan ní kí n kọ ìwàásù oṣù tó kọjá sínú ìwé ìròyìn ìjọ, nítorí àwọn tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bí mo ti jókòó láti kọ ọ́, mo rí i pé ohun kan wà tí n kò lè sọ lórí pẹpẹ nígbà náà. N ó sọ ọ́ níhìn-ín.

Ẹsẹ tí mo mú kò gùn. Ọlọ́run kìlọ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí wọ́n má ṣe ni àlejò lára, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún wọn: àwọn fúnra wọn mọ bí inú àlejò ti ń rí, nítorí wọ́n ti ṣe àlejò rí ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ẹ wò ó dáadáa, ará mi. Kò sọ pé àlejò náà jẹ́ ènìyàn rere. Kò sọ pé àlejò náà ti ṣe wọ́n lóore rí. Ìrántí ni Ọlọ́run fi ṣe ìpìlẹ̀ òfin yìí. Ẹni tó bá ti gbàgbé bí òun ṣe dé ìlú, òun gan-an ni òfin náà yóò ṣòro fún láti pa mọ́.

Ǹjẹ́ a ti gbàgbé? Ta ni nínú wa tí kò rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Dagenham Heathway, tí àpótí wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó di àdírẹ́sì mú nínú bébà, tí ẹ̀rù sì ń bà á láti bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà? Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àdúgbò Becontree tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé yìí, àwọn tó ṣí wá láti ibòmíràn ni wọ́n kọ́ ọ fún. Láti ọdún 1921 ni ìjọba ìlú Lọ́ńdọ̀nù ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé wọ̀nyẹn fún àwọn mẹ̀kúnnù tí wọ́n há mọ́ra ní East End, wọ́n sì kọ́ ju 25,000 lọ. Ilé iṣẹ́ Ford ṣí ní 1931, àwọn òṣìṣẹ́ tún tẹ̀lé e dé. Nígbà tí àwa náà wá dé, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn àlejò ọjọ́sí wọ̀nyẹn ló ń fi ojú burúkú wò wá. Ní 2006, ẹgbẹ́ òṣèlú BNP, tí kò fi bò rárá pé òun kò fẹ́ irú wa ní ilẹ̀ yìí, gba ìjókòó 12 nínú ìgbìmọ̀ Barking àti Dagenham. Ní 2010, wọ́n pàdánù gbogbo rẹ̀, kò ṣẹ́ku ẹyọ kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, ẹ mọ bí a ti ń wo ẹ̀yìn wò bí a bá ń ti àṣálẹ́ bọ̀.

Mo mọ̀ ọ́n wí, àbí? Èmi tí mo mọ̀ ọ́n wí yìí náà ni ọ̀rọ̀ bá.

Obìnrin kan láti ìlú Kharkiv ní Ukraine bẹ̀rẹ̀ sí í wá mu tíì lọ́dọ̀ wa ní Ọjọ́bọ̀, nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Ó máa ń mú ìyá rẹ̀ àgbàlagbà àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kékeré dání. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹnìkan dá a lábàá ní ìpàdé àwọn àgbà pé kí a ya ọjọ́ Ìsinmi kan sọ́tọ̀, kí a pe àwọn ará Ukraine tó wà ládùúgbò, kí wọ́n sọ fún wa nípa ilẹ̀ wọn, kí a sì jọ jẹun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ó gbà wá ju wákàtí kan lọ, ohùn sì ròkè.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tí wọ́n wí, nítorí kò sí irọ́ níbẹ̀. Arákùnrin kan dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, nígbà tí ogun dé bá àwọn wọ̀nyí, kò tó oṣù kan tí ìjọba fi ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ọ̀fẹ́ ni fíísà wọn. Owó ìlera tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa, wọn kò gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá sì gbà wọ́n sílé, 350 pọ́ùn ni ìjọba kọ́kọ́ ń fún un lóṣooṣù. Èmi ńkọ́? Láti oṣù kejì ọdún 2024, owó ìlera yẹn ti di 1,035 pọ́ùn fún àgbàlagbà kan lọ́dún kan ṣoṣo. Kí n tó san owó fíísà nìyẹn o." Arábìnrin kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó fi tirẹ̀ kún un. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024 ni òfin ti sọ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíísà iṣẹ́ ìtọ́jú kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ wá mọ́. Ó ní, "Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà wà ní Abẹ́òkúta. Orí fóònù ni mo ti ń kọ́ ọ ní ABD. Àwọn ọmọ tiwọn wà lọ́dọ̀ wọn níbí. Kí ni kí n wá kọ́ nípa ilẹ̀ wọn?" Nígbà tó jókòó, kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn.

Èmi náà kò sọ̀rọ̀. Àwọn ará rò pé ọgbọ́n àgbà ló mú mi dákẹ́. Kì í ṣe ọgbọ́n. Inú mi dùn pé ẹlòmíràn ń sọ ohun tó wà ní ọkàn mi. Èyí ni ohun tí n kò lè sọ lórí pẹpẹ.

Ìdí wà fún un. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Kharkiv kan náà. Láti ayé ìjọba Soviet ni àwọn yunifásítì ilẹ̀ náà ti ń gba ọmọ Áfíríkà, nígbà tí ogun yìí sì fi máa bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé níbẹ̀ tó bí 4,000. Owó ilé ẹ̀kọ́ wọn kò ga bí ti ìhín, kò sì sí wàhálà JAMB níbẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2022, Rọ́ṣíà kọlu ilẹ̀ náà. Ọmọ náà sá. Nígbà tó dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin kan, wọ́n ní obìnrin àti ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i pé àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, wọ́n ń tì wọ́n sẹ́yìn, wọ́n sì ń fa òyìnbó tó wà lẹ́yìn wọn wọlé. Ìròyìn irú èyí pọ̀ lọ́sẹ̀ náà débi tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi bu ẹnu àtẹ́ lù ú ní ọjọ́ 28 oṣù náà. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta, ọkọ̀ òfuurufú àkọ́kọ́ tó kó àwọn ọmọ wa gúnlẹ̀ sí Abuja. Nígbà tí ọmọ wa fi máa délé, ó bá àwọn yunifásítì wa ní títì pa. ASUU ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù kejì, oṣù kẹwàá ni wọ́n tó padà. Ogun lé e jáde níbẹ̀, ìdaṣẹ́sílẹ̀ dá a jókòó nílé. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni gbé èédú gbígbóná sábẹ́ aṣọ.

Lẹ́yìn ìpàdé yẹn, mo pe ọmọ náà lórí fóònù. Kí n má parọ́, mo fẹ́ kí ó gbè mí lẹ́sẹ̀ ni. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Dádì Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó tì mí, mo mọ ojú rẹ̀. Ìyá tó ń ṣọ́ ilé tí à ń gbé kọ́."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ìyá náà. Ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ èdè ni òtútù fẹ́ pa á, ìyá arúgbó yìí sì fi òwú irun àgùntàn hun ìbọ̀sẹ̀ fún un. Òun ló kọ́ ọ pé a kì í na ọwọ́ kí ènìyàn lórí ẹnu ọ̀nà. Yálà kí o wọlé tàbí kí ẹni náà jáde. Òun ló bá a wí nígbà tó ń súfèé nínú ilé, ó ní owó ni yóò súfèé lé lọ. (Ní tiwa, ejò ni súfèé òru máa ń pè wálé. N kò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì.) Ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta jẹ́ ọjọ́ àwọn obìnrin lọ́dọ̀ wọn, ọmọ wa sì ra òdòdó mẹ́wàá fún ìyá náà láti dúpẹ́. Ojú ìyá yí padà. Ó gba òdòdó, ó yọ ọ̀kan sọ́tọ̀, ó wá rẹ́rìn-ín. Òkú ni wọ́n ń fún ní òdòdó tó bá pé méjì-méjì.

Ó ní ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń ṣe. Bí ènìyàn bá fẹ́ rin ìrìn àjò, gbogbo ará ilé á kọ́kọ́ jókòó, wọn á dákẹ́ díẹ̀, kí ẹni tó ń lọ tó dìde. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń sá fún bọ́ǹbù, tí gbogbo wọn ti gbé àpò kọ́rùn, ìyá yìí dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní kò sí ẹni tó máa jáde láì jókòó. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, àwọn ọmọ Íńdíà, gbogbo wọn jókòó lé orí àpótí wọn. Bọ́ǹbù ń dún lọ́nà jíjìn. Wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n máa lọ. Ọmọ wa kò mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, n kò sì lè sùn.

Mo ṣí Mátíù orí 20, àkàwé àwọn òṣìṣẹ́ inú ọgbà àjàrà. Ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ti ìdájí ṣiṣẹ́ nínú oòrùn gba dínárì kan, àwọn tó dé ní wákàtí kọkànlá náà gba dínárì kan, àwọn ti ìdájí sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Àwọn oníwàásù kan máa ń fi àkàwé yìí pa ẹni tó ń ráhùn lẹ́nu mọ́. N kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Baálé ilé inú àkàwé náà san iye tó bá wọn ṣe àdéhùn. Home Office kì í ṣe Ọlọ́run, kò sì bá wa ṣe àdéhùn dínárì. Bí ọmọ arábìnrin wa bá wà ní Abẹ́òkúta tí òun wà ní Dagenham tó ń tọ́jú ìyá onílùú, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ sí i. Ẹ kọ̀wé sí aṣòfin yín. Bí ẹ bá kọ ọ́, ẹ mú un wá, n ó fọwọ́ sí i.

Ohun tí mo rí lóru náà ni ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn gbé ìráhùn wọn lọ. Baálé ilé tó di àpò owó mú ni wọ́n lọ bá. A kò kà á níbì kankan pé wọ́n lé àwọn ti wákàtí kọkànlá kúrò nídìí oúnjẹ alẹ́. Àwa wá ń gbé ìráhùn tó yẹ kí a gbé lọ sí Westminster lọ sí ibi tíì Ọjọ́bọ̀, a ń gbé e ka ìyá arúgbó kan lórí.

A sì rò pé wọ́n ti ní gbogbo nǹkan. Ọdún mẹ́ta ni fíísà tí wọ́n kọ́kọ́ fún wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ìjọba ṣí ọ̀nà àfikún oṣù 18, ṣùgbọ́n gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kò wọ inú ìṣirò ìwé ìgbélùú títí láé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka oṣù lórí kàlẹ́ńdà rí, tí ẹ ń dúró de lẹ́tà, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ìjọba wọn fi òfin dí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 18 sí 60, kí wọ́n má bàa jáde ní ìlú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé obìnrin, ọmọdé àti arúgbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ má ṣe máa bi wọ́n pé, "Ọkọ yín dà?" Ẹ fẹ́ràn ìbéèrè yẹn púpọ̀, mo mọ̀.

Èyí tó wá tán mi pátápátá ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ìyá àgbà náà rán ọmọ rẹ̀ sí mi pé òun fẹ́ àbẹ́là kan. Mo fún un. Mo béèrè bóyá ọjọ́ ìbí ẹnìkan ni. Ọmọbìnrin náà ní rárá. Ó ní Sátidé kẹrin oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń tan àbẹ́là sójú fèrèsé fún àwọn tí ebi pa ní ọdún 1932 sí 1933. Holodomor ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ọ̀dá ló fà á. Ìjọba Stalin ló ń kó ọkà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tí wọ́n fi ń tú ilé wò, títí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn fi kú lórí ilẹ̀ tó jẹ́ pé kò sí èyí tó lọ́ràá tó o ní Yúróòpù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, wọn kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta. Ìyá ìyá àgbà yìí wà lára àwọn tó ye é.

Ọmọbìnrin náà wá rọra sọ pé ìdí nìyẹn tí ìyá òun kò fi lè wo búrẹ́dì kí wọ́n dà á nù.

Ẹ̀yin ará, mo ti ń rí i. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí a bá mu tíì tán, ìyá yìí máa ń ṣa àjẹkù búrẹ́dì sínú nylon, títí dé orí ẹ̀rún. Mo ti rí i bí ìgbà mẹ́wàá. Ohun tí mo sì ń sọ nínú mi ni pé, ẹ wo ojúkòkòrò, wọ́n tún ń fún wọn lówó. Èmi, ọmọ ẹni tó máa ń ní kí a lá abọ́ mọ́ nítorí ebi tí òun rí. Mo wà níbẹ̀, mo di páálí àbẹ́là mú, n kò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo bá a tan iná náà.

Ìyẹn ni mo ṣe sọ pé ó yẹ kí a mọ̀ wọ́n kí ọjọ́ tí a máa gbà wọ́n lálejò tó dé. Àlejò tó bá jọ òkété ni à ń fi èkùrọ́ lọ̀. Mo ti béèrè, mo ti kà, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ fún yín.

Àkọ́kọ́, wọn kì í ṣe ará Rọ́ṣíà. Èdè wọn yàtọ̀, bí ọ̀pọ̀ wọn tilẹ̀ gbọ́ èdè Rọ́ṣíà, àwọn ará Kharkiv pàápàá. Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n kéde òmìnira, nígbà tí tiwa ti pé ọdún 30. Inú yín kì í dùn bí òyìnbó bá bi yín pé, "Ṣé ẹ ń sọ èdè Áfíríkà?" Ẹ fi mọ bó ṣe ń rí lára wọn.

Èkejì, wọ́n mọ ọ̀wọ̀ àgbà. Èyí yà mí lẹ́nu. Ní èdè wọn, "ty" ni wọ́n ń pe ọmọdé àti ẹgbẹ́ ẹni, "Vy" ni wọ́n ń pe àgbà, gẹ́lẹ́ bí àwa ti ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin". Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ pe àgbàlagbà, wọ́n á fi orúkọ bàbá rẹ̀ kún tirẹ̀. Ọmọbìnrin Petro á jẹ́ Petrivna, ọmọkùnrin rẹ̀ á jẹ́ Petrovych. Ìyá yìí sọ fún ìyá ìjọ wa, ọmọ rẹ̀ ń túmọ̀, pé ní ilé ìwòsàn kan, ọmọdébìnrin tó wà nídìí tábìlì pe orúkọ mọ́ òun lórí níwájú gbogbo ènìyàn, òun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má dìde. Ìyá ìjọ wa pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Wọ́n ṣe é fún èmi náà!" Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti ń jókòó pọ̀. Kò sí èdè tí wọ́n jọ gbọ́.

Wọ́n ti di onígbàgbọ́ tipẹ́. Ní ọdún 988 ni Ọba Volodymyr gba ìrìbọmi, tí ó sì mú kí àwọn ará Kyiv wọ odò Dnipro fún ìrìbọmi. Ìyẹn ju 850 ọdún lọ ṣáájú kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé Badagry ní 1842. Ẹ má ṣe lọ fún wọn ní ìwé pélébé tó ń béèrè bóyá wọ́n ti gbọ́ nípa Jésù. Ère Volodymyr wà ní Holland Park ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, 1988 ni wọ́n gbé e kalẹ̀ fún àyájọ́ 1,000 ọdún. Ní 1946, lẹ́yìn ogun Hitler, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ará Ukraine sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Kàtídírà wọn wà ní Duke Street, lẹ́bàá Bond Street. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìjọ Congregational ló kọ́ ọ fún ara wọn, kí ó tó bọ́ sí ọwọ́ àwọn àlejò. Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ náà jọ tiwa? Obìnrin wa máa ń wọ ọkọ̀ Elizabeth láti Chadwell Heath lọ síbẹ̀ nígbà mìíràn. Ọ̀tódọ́ọ̀sì ni, kì í ṣe ti ìjọ yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ gbọ́ àdúrà ní èdè òun. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọjá ìjọ mẹ́fà lọ́nà kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ kò nílò àlàyé.

Àwọn náà ti jókòó sábẹ́ ìwàásù wa rí o. Sunday Adelaja, ọmọ Ìdómilà ní Ìjẹ̀bú, dá ìjọ sílẹ̀ ní Kyiv ní 1994, àwọn ará Ukraine ló sì kún inú rẹ̀. Ohun tó tẹ̀lé e lẹ́yìn náà fa àríyànjiyàn púpọ̀, n kò ní wọ inú rẹ̀ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó gbọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú.

Ní ti Kérésìmesì, ọjọ́ 7 oṣù kìíní ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní 2023 ìjọba wọn fi òfin gbé e sí 25 oṣù Kejìlá. Alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Wọn kì í jẹun títí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ á fi yọ, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé oríṣi oúnjẹ 12 kalẹ̀, kò ní sí ẹran nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́ wò ni kutia, àlìkámà tí wọ́n sè, tí wọ́n fi oyin àti hóró poppy sí. Wọ́n á fi ààyè sílẹ̀ nídìí tábìlì fún àwọn ará ilé tó ti kú. Àwọn kan nínú wa á ní ìbọ̀rìṣà nìyẹn. Kí ẹni náà kọ́kọ́ sọ fún mi ohun tó ṣe ní ogójì ọjọ́ ìyá rẹ̀, nítorí àwọn náà ń ṣe ogójì ọjọ́.

Nípa oúnjẹ, ọbẹ̀ pupa kan wà tí wọ́n ń pè ní borshch. Beetroot ló mú un pọ́n, kì í ṣe ata. Ẹ mọ bí a ti ń bá àwọn ará Ghana jà nítorí jọ̀lọ́ọ̀fù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá Rọ́ṣíà fa ọbẹ̀ yìí, títí UNESCO fi kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2022 gẹ́gẹ́ bí àṣà Ukraine tó ń fẹ́ ààbò. Ìrẹsì àti ẹran tí wọ́n fi ewé kábéèjì pọ́n, bí àwa ti ń fi ewé eéran pọ́n mọ́ínmọ́ín, wọ́n ń pè é ní holubtsi. Mo ti jẹ ẹ́. Ó dára, ṣùgbọ́n iyọ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀.

Bí wọ́n bá sì fẹ́ gba àlejò pàtàkì, búrẹ́dì àti iyọ̀ ni wọ́n ń gbé pàdé rẹ̀, lórí aṣọ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ṣe iṣẹ́ ọnà sí. Àlejò á gé búrẹ́dì díẹ̀, á tọ́ iyọ̀, á jẹ ẹ́. Àwa a máa gbé obì. Mo bi obìnrin náà pé ta ni yóò gbé búrẹ́dì fún ta ni lọ́jọ́ náà, nítorí àlejò ni àwa méjèèjì nílùú yìí. Ó rò ó díẹ̀. Ó ní àwọn yóò gbé búrẹ́dì, kí àwa gbé obì.

Ìpàdé àwọn àgbà ti fọwọ́ sí i báyìí, àwọn tí kò fẹ́ ẹ sì ti ní àwọn yóò wá. Arábìnrin wa tí ọmọ rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta ni yóò ṣe olórí ìdáná. Òun ló béèrè fún un fúnra rẹ̀. N kò bi í léèrè ìdí. Ó ti lọ sí ilé wọn lẹ́ẹ̀mejì láti kọ́ borshch, lẹ́ẹ̀kejì ló sì fi fóònù han ìyá àgbà náà bí ọmọ náà ti ń ka ABD. Ìyá náà jókòó, ó ń pè é tẹ̀lé ọmọ.

Ọjọ́ Ìsinmi kẹta oṣù tó ń bọ̀ ni, lẹ́yìn ìsìn, nínú gbọ̀ngàn. Ẹ̀yin tó ń se ọbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ìkòkò méjì: ọ̀kan fún wa, ọ̀kan tí ata kò ní pọ̀ nínú rẹ̀. Bí búrẹ́dì bá ṣẹ́kù, ẹ má ṣe dà á nù, ẹ dì í fún àwọn tó bá fẹ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ mú òdòdó wá fún ìyá náà, kí ó jọ̀wọ́ kà á dáadáa ní ọjà Barking kí ó tó sanwó: mẹ́ta, márùn-ún, tàbí méje.